Ìjákulẹ̀ méjì láàárín oṣù mẹ́jọ: báwo ni ọkàn ṣe ń balẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Iṣẹ́ tí mo gbójú lé bọ́, ìgbéyàwó tá a ti dájọ́ rẹ̀ náà tún fọ́. Mi ò wá káàánú. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀: kí ni kí n ṣe sí ìrònú tó ń kó bò mí lóru? Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí mo wà láyé fún báyìí? Ìgbà wo ló yẹ kí n lọ rí dókítà? Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ló ń ní kí n gbàgbé.

Ìdáhùn kìíní: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tiẹ̀ gbìyànjú àtigbàgbé. Ẹni tó bá ní òun ò ní ronú kan nǹkan, ọpọlọ rẹ̀ á máa yọjú wò bóyá nǹkan náà ti lọ, ibẹ̀ ni yóò ti tún bá a pàdé.

Ẹ dájọ́ fún ìrònú náà ni. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójúmọ́, àkókò kan náà, orí àga kan náà, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì yẹ kó ku wákàtí méjì ó kéré tán kí ẹ tó lọ sùn. Bí ìrònú bá dé láàárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan péré, bí àpẹẹrẹ, “ohun tí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ náà”, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Tí àkókò bá tó, ẹ ṣí ìwé náà, ẹ rò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ti tutù kí ẹ tó dé orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn máa ń pa á tì, torí ìrònú náà ò tíì gbà pé ẹ máa padà wá dá òun lóhùn. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ní ti òru, bí oorun ò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ dìde. Ẹ má wo aago o, ẹ fojú bù ú ni. Ẹ jókòó síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ ṣe nǹkan tí kò gba ọgbọ́n, bíi kéèyàn máa ká aṣọ, títí oorun á fi kun yín. Ẹni tó bá ń fi bẹ́ẹ̀dì ronú lálaalẹ́, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka bẹ́ẹ̀dì sí ibi ìrònú. Àkókò kan náà ni kí ẹ máa jí, títí kan ọjọ́ tí ẹ ò sùn dáadáa.

Ìdáhùn kejì: Gbogbo èyí dára, àmọ́ ẹ fi kíkọ kún un. James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dán an wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1986: ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára yín. Kálàmù ò gbọdọ̀ dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn kọ. Ẹ má da ara yín láàmú lórí àmì ohùn, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ara lè wúwo fún wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ fa ìlà sáàárín ìwé mìíràn. Lápá òsì, ohun tí kámẹ́rà lè yà nìkan: “Wọ́n fún mi ní lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì.” Lápá ọ̀tún, ìtumọ̀ tí ẹ fún un: “Kò sẹ́ni tó máa gbà mí síṣẹ́ mọ́.” Ti apá òsì dunni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti tán. Ti apá ọ̀tún ló ń jí yín lóru, òun sì ni kí ẹ bi ní ẹ̀rí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn kan á sọ ọ́ di ẹjọ́ tí kì í tán, ìlà kan náà lójoojúmọ́. Ìyẹn kì í ṣe kíkọ mọ́, ìrònú tó ní ìwé lọ́wọ́ ni.

Olùbéèrè: Bí ẹkún bá gbọ̀n mí níbi tí mo ti ń kọ ọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn kejì: Ẹkún kì í ṣe ìṣòro. Àmọ́ bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ẹ ò rí èémí mí dáadáa, ẹ fi orí ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kí ẹ kọ òmíràn. Kì í ṣe dandan.

Ìdáhùn kẹta: Fún èémí náà: ẹ fi imú fà á sínú, ka ení dé ẹẹ́rin, ẹ tú u jáde, ka ení dé ẹẹ́fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Èémí tó ń jáde pẹ́ ló ń mú kí ọkàn rọra lù. Bí ojú bá ń ṣú yín, tí ìka ń ta yín ṣínṣín, ẹ ń fà á púpọ̀ jù nìyẹn. Ẹ fà á kékeré.

Ìdáhùn kẹrin: Ẹ gbàdúrà, kí ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ní ìdí.

Ìdáhùn karùn-ún: Àdúrà ò tako ohun tí wọ́n ti sọ. “Ó ní ìdí” yẹn ni kí a rọra lò, torí ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ jókòó máa wá ìdí kiri fún ọdún mélòó kan. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. “Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?” lè má ní ìdáhùn. “Kí ni mo máa fi èyí tó kù ṣe?” ní ìdáhùn, ọwọ́ la sì fi ń dá a lóhùn.

Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ ará Vienna tó wà ní àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì láti 1942 sí 1945, tọ́ka sí ọ̀nà mẹ́ta tí ìtumọ̀ fi ń wọ ayé ẹni: iṣẹ́ tá a ṣe, ẹni tàbí ohun tá a fẹ́ràn, àti bá a ṣe dúró níwájú ìyà tá ò lè yẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́, torí òun ló rọrùn jù láti fọwọ́ kàn.

Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, kí èèyàn kan sì máa retí yín níbẹ̀: ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní ìṣirò, àgbàlagbà tí ẹ ń ka ìwé fún. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Bí agogo mẹ́rin bá lù lọ́jọ́ Sátidé, màá wọ bàtà, màá jáde.” Ẹ má dúró de ìgbà tó bá wù yín. Wíwù máa ń tẹ̀ lé ṣíṣe ni. Ẹ má sì mú ohun ńlá tí ẹ fi fẹ́ han àwọn tó já yín kulẹ̀ léèmọ̀, torí ọwọ́ wọn ni ìfọ̀kànbalẹ̀ yín á ṣì wà.

Ìdáhùn kẹfà: Ìbéèrè kẹta: bí ọkàn bá bàjẹ́, tàbí tí ohunkóhun ò dùn mọ́ yín mọ́, fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ sì ti dàrú, ẹ rí dókítà. Bí èrò pé ó sàn kéèyàn kú bá wọlé, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ kankan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹnì kan, kí ẹ̀yin àti onítọ̀hún jọ lọ sí ọsibítù.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni màá lò, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ìdáhùn kìíní: Ó dáa. Ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì.