Ìró àfikún nínú ọkàn ọmọ tí ara rẹ̀ le: ṣé kí a tún ṣe àyẹ̀wò mìíràn?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin oníṣègùn, mo kí yín o. Ibà mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 5, nígbà tí dókítà sì gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní òun gbọ́ ìró kan tó ń rọra kùn bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Ó ní kí ó dùbúlẹ̀, ó tẹ́tí. Ó ní kí ó dìde jókòó, ìró náà sì lọ sílẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba inú ọkàn kọjá ló ń dún bẹ́ẹ̀, pé ọkàn fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù, àti pé ibà a máa mú kí ìró náà ròkè sí i. Irú rẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọdé ni George Frederic Still, dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe ní 1909.

Ọmọ náà ń jẹun, ó ń dàgbà bó ti yẹ, mímí kò sì nira fún un bó bá sáré. Dókítà ní kò sí ìdí láti dá a dúró níbi eré. Bàbá rẹ̀ kò gbà, ó fẹ́ kí ó jókòó jẹ́ẹ́, èyí tí mo rò pé ó le jù fún ọmọdé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, ṣé ẹ béèrè fún yíya àwòrán ọkàn, àbí ẹ dúró kí ibà lọ, kí dókítà tún gbọ́ ọ?