Iná láàárín ìka ẹsẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa eré sísá, ẹ dá sí i

Ẹlẹ́sẹ̀ Ehoro (Newcastle): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tí mo bá ti sáré tó kìlómítà 4, àárín ìka kẹta àti ìkẹrin lẹ́sẹ̀ ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi, ìka méjèèjì á sì kú. Bí mo bá bọ́ bàtà tí mo fọwọ́ ra á, á lọ. Ó máa ń dà bíi pé òkúta kékeré wọ ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Great North Run, eré ìdajì máràtọ́ọ̀nù tiwa níbí, ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ṣé kí n ra bàtà tí abẹ́ rẹ̀ nípọn ni?

Àǹtí Podiatry (Lewisham): Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Ohun tí o sọ yìí jọ èyí tí wọ́n ń pè ní Morton's neuroma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o, má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ yẹn kó ọ láyà jẹ. Iṣan ìmọ̀lára kan ló gba àárín àwọn egungun iwájú ẹsẹ̀ lọ sí ìka. Bí bàtà bá ń fún àwọn egungun yẹn pọ̀, ẹran tó yí iṣan náà ká á máa nípọn. Bó ṣe ń nípọn ni àyè tó kù fún un ń dín, tí wọ́n á sì túbọ̀ máa fún un. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń tù ọ́ bó o bá ti bọ́ bàtà. Ibi tó ti wọ́pọ̀ jù ni àárín ìka kẹta àti ìkẹrin, tá a bá kà á láti àtàǹpàkò.

Fi ọwọ́ kan di iwájú ẹsẹ̀ mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fún un pọ̀, kó o wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ àárín egungun méjèèjì láti abẹ́. Bó bá ta dé ìka, tàbí tí nǹkan yẹ̀ "kẹ́" lábẹ́ ọwọ́ rẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orí egungun gan-an ló ń dùn ọ́, tí òkè ẹsẹ̀ wú, tí o kò lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò sókè, egungun lè ti sán. Dá eré dúró pátápátá, kó o lọ rí dókítà. Bí ẹ́síréè ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò bá fi nǹkan kan hàn, ìyẹn ò ní kó má sán.

Kóòṣì Digbeth (Birmingham): Ní ti bàtà, kì í ṣe bó ṣe nípọn ló yẹ kó o bi wá, bó ṣe fẹ̀ ni. Fa ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà yẹn yọ, gbé e sílẹ̀, kó o dúró lé e. Bí ẹran ẹsẹ̀ bá yọ kọjá etí rẹ̀ níwájú, bàtà yẹn ń fún ọ, ì báà jẹ́ £200 lo fi rà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá lọ ra nọ́ńbà tó gùn sí i. Gígùn ò sọ pé kó fẹ̀. Gìgísẹ̀ á máa yọ̀ nínú bàtà, ìka á máa há mọ́lẹ̀ kó lè dì í mú, ìrora á sì pọ̀ sí i. Lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ni kó o wò. Bàtà ìsáré ọkùnrin tó wà káàkiri, D ni. 2E ló fẹ̀, 4E tún fẹ̀ jù ú lọ. Ti obìnrin, B ló wà káàkiri, D ló fẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀.

Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ báyìí, tú okùn rẹ̀ pátápátá, fo ihò méjì tó sún mọ́ ìka jù, kó o bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Àti pé wákàtí kan lo fi ń sáré lóòjọ́. Bàtà onírin tí wọ́n ń wọ̀ ní wàháùsì fún wákàtí 10 ńkọ́? Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìyàwó ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń wọ gìgísẹ̀ gogoro, ẹ̀yin gan-an ló ń mú jù.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ehoro: Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Àmọ́ páàdì rọ́bà tí mo rà ní fámásì, ṣe ló mú un burú sí i.

Àǹtí Podiatry: Abẹ́ ibi tó ń dùn gan-an lo fi sí, àbí? Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Páàdì kì í ṣe ìrọ̀rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé egungun sókè láti ẹ̀yìn kí wọ́n lè ya ara wọn. Bó bá bọ́ sábẹ́ ibi tó ń dùn, iṣan náà ló ń tì sókè mọ́ egungun.

Wá tìróò. Fọwọ́ tẹ orí àwọn egungun iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tó le kókó lẹ́yìn ìka kẹta àti ìkẹrin, kó o fi tìróò kùn ún. Ti ìtẹ́lẹ̀ bọ inú bàtà padà, ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láìwọ ìbọ̀sẹ̀, dìde dúró, rìn síwájú díẹ̀, kó o bọ́ ọ. Tìróò á ti yà sórí ìtẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn àmì yẹn, lápá gìgísẹ̀, ni páàdì máa wà, kí etí iwájú rẹ̀ fi bíi mílímítà 5 jìnnà sí i. Èyí tó rí bí omi tó kán sílẹ̀ ni kó o rà, kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí gìgísẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó nípọn tó mílímítà 3; 6 ti le jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Má tíì yọ bébà gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, sẹ́lótéèpù ni kó o kọ́kọ́ fi mú un.

Fi rìn fún wákàtí kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kó o tó fi sáré. Bó bá wà níbi tó yẹ, wàá rí i pé ìka ń ya díẹ̀díẹ̀ bó o bá dúró. Bó bá ń gún ọ, fà á sẹ́yìn ní mílímítà 2 tàbí 3. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n lára rárá, ó ti jìnnà jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kó o fi í sí, kí ìrìn rẹ má bàa wọ́.

Bàbá Houston: Kí ló dé tí kò wọ bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní barefoot? Ó fẹ̀ dáadáa.

Kóòṣì Digbeth: Ó fẹ̀ lóòótọ́, sà, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwájú ẹsẹ̀ balẹ̀, ibẹ̀ gan-an la sì ń sá fún. Ẹ jẹ́ ó fi rìn nínú ilé.

Apòògùn (Manchester): Kí ẹ tó máa kó oògùn mì: ibuprofen kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora iṣan ìmọ̀lára lọ́wọ́, kò sì dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín. Àbóníkí lè tani lára, kò lè dé ibi tí egungun ti ń fún nǹkan. Ẹsẹ̀ tó ti kú, ẹ má kì í bọ omi gbígbóná, ó lè bó kẹ́ ẹ má mọ̀. Yìnyín tẹ́ ẹ fi aṣọ ìnura wé ló dára, ìṣẹ́jú 20, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ní kí wọ́n bá yín ra fítámì B bọ̀ láti ilé, ẹ wo ẹ̀yìn páálí. B6 tó pọ̀ jù fúnra rẹ̀ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ìmọ̀ràn NHS, ètò ìlera ìjọba UK, ni pé kéèyàn má kọjá mílígíráàmù 10 lóòjọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí hóró kan ṣoṣo ní 100 tàbí 200 nínú.

Ìyá Ìbejì (Dublin): Ti ọkọ mi, ẹsẹ̀ méjèèjì ni, òru ló sì máa ń jó o jù. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Apòògùn: Rárá o, ìyá wa. Ẹsẹ̀ méjèèjì, láti ìka bọ̀ wá sókè bí ìbọ̀sẹ̀, tó ń yọni lẹ́nu lóru: ṣúgà la kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà fítámì B12. HbA1c (ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà) tó bá dé 48, àtọ̀gbẹ nìyẹn. 42 sí 47, ó ti ń sún mọ́ ọn. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá jẹ́ SS tàbí SC, kí wọ́n sọ fún dókítà, torí HbA1c lè tanni jẹ. Ìdánwò mìíràn wà. Bí wọ́n bá ti ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, tipẹ́, kí wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wo B12. Àmọ́ bí ìdí àti abẹ́ bá kú, tàbí tí ìtọ̀ há, ẹ̀yìn ni ìyẹn ti wá. Ẹ má dúró de GP (dókítà àdúgbò), ilé ìwòsàn pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Houston: Abẹ́rẹ́ steroid ńkọ́?

Àǹtí Podiatry: Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, sà, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọ̀rá abẹ́ ẹsẹ̀ tín-ín-rín, olùsáré sì nílò ọ̀rá yẹn. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ojú abẹ́rẹ́ lè ṣí funfun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí ẹni tó máa gún un fi skáànù darí abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ abẹ ló kẹ́yìn: wọ́n á gé iṣan náà kúrò, àárín ìka méjèèjì kò sì ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Àbúrò, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní England, o lè kọ̀wé fúnra rẹ sí podiatry (ẹ̀ka ìtọ́jú ẹsẹ̀) ti NHS láìgba ọ̀dọ̀ GP. Bó bá jẹ́ aládàáni lo fẹ́ sanwó fún, wá orúkọ rẹ̀ ná lórí ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera bíi tiwa sílẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ehoro: Eré ńkọ́ báyìí? Ṣé kí n dúró pátápátá ni?

Kóòṣì Digbeth: Dúró títí wàá fi lè rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 láìsí pé ẹsẹ̀ ń jó ọ. Wẹ̀ lódò, tàbí gun kẹ̀kẹ́, kó o fi àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dààlì, má fi ìka tẹ̀ ẹ́. Na ẹ̀yìn ojúgun lójoojúmọ́: dojú kọ ògiri, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, gìgísẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún gún, ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà tẹ orúnkún díẹ̀, tún un ṣe. Bí ibẹ̀ bá le, gìgísẹ̀ á tètè máa gbéra, ẹrù á sì wá sórí ìka.

Tó o bá padà, sáré ìṣẹ́jú 1, rìn ìṣẹ́jú 1, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó o máa fo ọjọ́ kan láàárín. Jẹ́ kí ìṣísẹ̀ rẹ kúrú. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ọjọ́ yẹn parí nìyẹn. Má fi agídí sá a. Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá kọjá pẹ̀lú bàtà tó fẹ̀ àti páàdì láìsí ìyàtọ̀, lọ ṣe skáànù.

Ní ti Great North Run, títì ọ̀hún máa ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kó o tó bọ́ sí etí òkun ní South Shields. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ síwájú tí ìka ń forí sọ bàtà. Lo ihò òkè pátápátá láti fi okùn di gìgísẹ̀ mú, kó o sì rin gẹ̀rẹ́ yẹn bó bá gbà bẹ́ẹ̀.