Ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ àbí ẹ̀kọ́ àfẹ̀rọkọ́: orúkọ wo ló bá ohun tí ìwádìí sọ mu?

Ẹ̀yin olùkọ́ mi àti ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo ti ka àbá mẹ́ta tó wà nílẹ̀ lórí ohun tó yẹ ká máa pe irú ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo kọ̀ǹpútà, fóònù, rédíò tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn yunifásítì ń ṣèwádìí lé lórí lemọ́lemọ́ báyìí. Àbá kìíní ni “ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ”. Èkejì, tó ti ọwọ́ ọ̀gá wa kan ní Adó-Èkìtì wá, ni “ìkẹ́kọ̀ọ́ alátìlẹyìn ìmọ̀-ẹ̀rọ”. Ẹ̀kẹta ni tèmi, “ẹ̀kọ́ àfẹ̀rọkọ́”, tí àwọn kan ní ó le lẹ́nu, tí ẹnìkan sì ní ó dún bí orúkọ àgbo. Tèmi náà ni mo fẹ́ gbèjà, ṣùgbọ́n n óò kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn méjì yòókù ti kọsẹ̀.

Ohun tó fa àríyànjiyàn yìí ni pé àwa díẹ̀ ti gbà láti máa sọ àbájáde ìwádìí di Yorùbá olójú-ewé kan, kí àwọn tíṣà, àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lè mọ ohun tí a rí. Èkìtì kò ṣaláìní yunifásítì: ti ìpínlẹ̀ àti ti Afẹ́ Babalọlá wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́, èyí tó ti inú kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ jáde sì wà ní Ìkẹ́rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ ìwádìí lórí ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Òbí tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó fi Yorùbá dáhùn gbogbo ìbéèrè olùṣèwádìí kì í sábà gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

“Ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ” ló wà nínú ẹ̀dà tí a kà fún àwọn òbí ní ìpàdé kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. A kò tíì kà á dé ìdajì tí ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata jẹun fi béèrè pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀rọ wo lẹ ń wí? Ṣé irú tiwa yìí ni, àbí jẹnẹrétọ̀?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tí kò rẹ́rìn-ín rárá ló wá dìde, ó ní, “Bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ni ẹ̀kọ́ wà, ṣé tíṣà á ṣì máa wá síléèwé?”

Ìbéèrè ìyá náà bọ́gbọ́n mu. Alágbẹ̀dẹ a máa rọ ọkọ́, a máa rọ àdá, ohun tí a bá sì rọ ni ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò títí tó fi gba ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Kò sí àbá kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bọ́ lọ́wọ́ gbígbòòrò yìí, tèmi náà kò bọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá pé, orúkọ yòówù kí a mú, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ewé kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹ̀rọ náà gan-an: fóònù ni, rédíò ni, kọ̀ǹpútà ni.

Ìbéèrè bàbá yẹn ló jinlẹ̀ jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ “orí” ló bí i. Nínú Yorùbá, ibi tí nǹkan wà ni “orí” ń sọ fúnni. Bí ẹ̀kọ́ bá wà lórí rédíò, rédíò ni a ó ti lọ bá a. Bí ó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí nínú kíláàsì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ fún ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kì í fojú kanra. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwádìí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí tíṣà tó dúró níwájú ọmọ, tó fi fóònù rẹ̀ ṣí àwòrán ọkàn ènìyàn bó ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, tó sì tún kọjú sí pátákó. A kò lè pe èyí ní ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kí òbí má sì rò pé a ti lé tíṣà lọ.

Ní ti “ìkẹ́kọ̀ọ́ alátìlẹyìn ìmọ̀-ẹ̀rọ”, mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó dá a, mo sì rí i pé ó gbìyànjú láti dá olùkọ́ padà sí ipò rẹ̀. Síbẹ̀ “ìmọ̀-ẹ̀rọ” ni a ti fún ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà, òbí tó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé ọmọ òun ń lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe mọ́tò. “Àtìlẹyìn” pẹ̀lú ti di ọ̀rọ̀ olówó àti olóṣèlú. Nígbà tí a bá gbọ́ pé ètò kan rí àtìlẹyìn, owó ló ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn.

Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù sí i yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ń ti ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó sọ ọ́ di “ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ mú dára sí i” nínú èdè mìíràn. Bóyá ẹ̀rọ ń ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ gan-an ni ìwádìí fẹ́ mọ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jà lé e lórí. Ní 1983, Richard Clark ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ohun èlò tí a fi gbé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó kó oúnjẹ wá sọ́jà: oúnjẹ ló ń ṣara lóore, ọkọ̀ kọ́. Lójú rẹ̀, ọgbọ́n ìkọ́ni ló ń mú kí ọmọ mọ̀wé, yálà rédíò ni a fi gbé e ni o, yálà ìwé. Robert Kozma ta kò ó ní 1991. Ó ní ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ohun tó lè ṣe tí òmíràn kò lè ṣe, àti pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi èyí tó wà níwájú rẹ̀ ṣe ló yẹ ká wò. Ìjà náà kò tíì parí títí di òní. Èmi fúnra mi sún mọ́ Kozma díẹ̀, nítorí pé mo mọ̀ pé ọmọ tó lè dá fídíò dúró, kó dá a padà, kó tún un wò, ń ṣe ohun tí kò lè ṣe sí ẹnu tíṣà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí orúkọ tí a fi ń kọ ìròyìn ìwádìí wà lẹ́yìn Kozma tàbí lẹ́yìn Clark.

Ibí ni “àfẹ̀rọkọ́” ti wúlò. “À”, “fi”, “ẹ̀rọ” àti “kọ́” ló para pọ̀ di í, gẹ́gẹ́ bí a ti ní “àfọwọ́kọ” fún ìwé tí a fi ọwọ́ kọ àti “àfọwọ́fà” fún ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Àfọwọ́kọ kò sọ bóyá ìwé náà dára. Ó kàn sọ ohun tí a fi kọ ọ́ ni. Ẹ̀kọ́ àfẹ̀rọkọ́ náà, ẹ̀kọ́ tí a lo ẹ̀rọ láti fi kọ́ ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan ṣàwàdà pé ilé tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ́ náà lè jẹ́ ilé àfẹ̀rọkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára, níwọ̀n ìgbà tí “ẹ̀kọ́” bá ti ṣíwájú. Ó tún ní àǹfààní kékeré kan fún wa níhìn-ín: ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ì” a máa di “ù” lẹ́nu ará Èkìtì, tí ìwé ń di ùwé tí ìmọ̀ ń di ùmọ̀, ṣùgbọ́n “à” kì í yí padà, nítorí náà bí a bá ṣe kọ ọ́ náà ni àgbàlagbà Ìjerò yóò ṣe pè é.

Ọ̀rọ̀ ìṣe “kọ́” ni àtakò tó wúwo jù sí àbá mi, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ni ń kọ́, ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ́. Nínú orúkọ, mo ka èyí sí èrè, torí pé ó gba olùkọ́ àti ọmọ papọ̀. Nínú àbájáde, ewu ni. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ìkọ́ni wáyé dájúdájú. Ẹnikẹ́ni tó ṣí rédíò gbọ́ ọ. Ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì gba ìwádìí tirẹ̀. Nítorí náà, kí a lo “ìkọ́ni” àti “ìkẹ́kọ̀ọ́” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbikíbi tí a bá ti ń sọ ohun tí a rí, kí a má sì jẹ́ kí “kọ́” dá ṣe é.

Kò sì yẹ ká gbàgbé pé àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti sọ àléébù ẹ̀kọ́ orí rédíò ṣáájú gbogbo wa. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ọmọ tí ìpín ìdá kò yé nídìí rédíò kò lè nawọ́ sókè. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 yẹn náà, Charles Hodges àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ìkọ́ni tí a sáré gbé kalẹ̀ nítorí pàjáwìrì kò ṣeé fi wé èyí tí a fara balẹ̀ ṣètò fún íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé bí ti pàjáwìrì bá kùnà, kí a má fi dá èkejì lẹ́bi. Mo dábàá “ìkọ́ni pàjáwìrì” fún un, mi ò sì rò pé ó nílò àríyànjiyàn.

Èyí tó nílò rẹ̀ ni “ẹ̀kọ́ alábùlà”, tí wọ́n fẹ́ fún ẹ̀kọ́ tí a ṣe apá kan rẹ̀ nínú kíláàsì tí a sì ṣe apá kejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹmu ni a ń bù là, omi sì ni a fi ń bù ú là. Kò sí ọmọ Èkìtì tí yóò gbọ́ alábùlà tí kò ní rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. “Ẹ̀kọ́ àdàpọ̀” tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí “pín”, tí gbogbo wa ń lò láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: “ẹ pín ìwádìí yìí”, “pípín àbájáde”. Nígbà tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, pípín ni wọ́n pín in, ọ̀rọ̀ náà sì tọ́, torí pé èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Ìkọ̀lé kò sí lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀tùn mọ́. Ohun tí a bá pín a máa dín kù lọ́wọ́ ẹni tó pín in. Ìwádìí kì í dín. Àwọn kan ní kí a lo “títàn kálẹ̀” dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn àti àhesọ ni etí wa mọ̀ mọ́ ọn. Mo rò pé iṣẹ́ méjì la dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni pé kí yunifásítì gbé ìwádìí síta níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á láìsanwó, èyí tí àwọn onímọ̀ tó kóra jọ ní Budapest béèrè fún nínú ìkéde wọn ní 2002; “fífi ìwádìí léde lọ́fẹ̀ẹ́” bá a mu. Èkejì ni tiwa, pé kí ẹnìkan jókòó ti ará ìlú kó sì ṣàlàyé rẹ̀. “Fífi ìwádìí tó ará ìlú létí” ni mo pe ìyẹn. Yunifásítì lè ṣe tàkọ́kọ́ títí lọ kí ìyá aláta má sì gbọ́ nǹkan kan.

“Pèpéle ẹ̀kọ́” fún irú ohun tí Moodle jẹ́, ètò kọ̀ǹpútà tí olùkọ́ ń kó ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè sí kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé sí i, èyí tí Martin Dougiamas ní Ọsirélíà gbé jáde ní 2002, ti wọ̀ mí létí, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e. Ó ku àkọsílẹ̀ tí pèpéle bẹ́ẹ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan: ìgbà tó wọlé, ewé tó ṣí, ìbéèrè tó fò, ibi tó ti jáde. Wọ́n dábàá “ipasẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́”. Mo fẹ́ràn àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n “nípasẹ̀” ti gbajúmọ̀ jù, ẹni tó bá ń yára kàwé lè ṣì í kà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kí a tó tẹ ẹ̀dà tó kàn.