"Jẹjẹrẹ ihò irun" kọ́ o, kókó ni ká pè é

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé ká máa pe gbogbo wíwú tó ń ti ìdí irun jáde ní "jẹjẹrẹ ihò irun", ẹ má bínú sí mi sà, mi ò lè fara mọ́ ọn rárá. Jẹjẹrẹ, ohun tó ń jẹ ara run ni, èèyàn kì í gbọ́ ọ kí àyà ẹ̀ má já. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tá à ń sọ yìí kì í jẹ ara run, wọn kì í sì í tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ojú kan ni wọ́n ń wà. "Kókó àpò irun" ni tèmi. Ihò yẹn ẹnu ọ̀nà lásán ni, àpò tó wà lábẹ́ awọ gan-an ló ń ṣe irun, ibẹ̀ sì ni kókó náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo pilomatricoma, ọ̀kan nínú àwọn kókó yìí. Àwọn oníṣègùn méjì, Malherbe àti Chenantais, kọ nípa ẹ̀ ní 1880, wọ́n rò pé ibi tí ọ̀rá awọ ti ń jáde ló ti wá, àfìgbà tó di 1961 tí Forbis àti Helwig fi hàn pé ìdí irun ni, wọ́n wá fún un lórúkọ tó bá a mu. Orúkọ tí ò tọ́ máa ń pẹ́ nílẹ̀ o! Ọmọdé ló sábà máa ń ní in, ní orí, ojú tàbí ọrùn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó le gbagidi bí òkúta torí kálísíọ̀mù tó ti dì sínú ẹ̀. Nínú maikirosikóòpù, wọ́n máa ń rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí àárín wọn ti ṣófo, tó ku àwòrán wọn nìkan, orúkọ náà "sẹ́ẹ̀lì iwin" (ghost cell lédè Gẹ̀ẹ́sì) bá a mu dáadáa.

Ẹnì kan ní "kókó" á jẹ́ káwọn èèyàn fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mo gbọ́ yín o. Trichoepithelioma, kókó àpò irun míì tó máa ń yọ wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ imú, jọ kánsà awọ kan gan-an, ojú lásán ò lè yà wọ́n, àfi kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí láàbù, tí wọ́n bá sì gé òkè òkè nìkan, ó lè má ṣe é dájọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni trichilemmoma, tóun náà jẹ́ kókó àpò irun, tó bá pọ̀ lójú ẹnì kan, dókítà gbọ́dọ̀ ronú nípa àrùn Cowden, tó ń mú kí kánsà ọmú àti ti tárọ́ìdì tètè ṣeni. Àmọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ orúkọ. Àyẹ̀wò là ń ṣe, ìdámọ̀, ìyẹn irú àìsàn tó jẹ́, là ń rí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ká má fi jẹjẹrẹ dẹ́rù ba ìyá ọmọ kí èsì tó dé.

Ibi tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí ni "àpò" yẹn, torí a ṣì máa nílò ẹ̀ fún cyst, ìyẹn wíwú tó dà bí àpò tí nǹkan kún inú ẹ̀. Ṣé "ilé irun" ò ní dáa jù? Ẹ dá sí i.