Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá lọ́yà tó lè gba ẹjọ́ àbúrò mi tí ọlọ́pàá lù, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà

Ajíkẹ́_Tákíè:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Àbúrò mi ń tún fóònù ṣe ní Tákíè, ó ń bọ̀ nílé lálẹ́ ni ọlọ́pàá dá ọ̀kadà tó gùn dúró, wọ́n rí fóònù kọ́sítọ́mà mẹ́ta nínú báàgì ẹ̀, ló bá di pé ọmọ yahoo ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló sùn látìmọ́lé, wọn ò gbé e dé kọ́ọ̀tù, wọ́n fìdí ìbọn gbá a létí, etí òsì yẹn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí dòní. ₦150,000 la san sí POS ẹ̀gbẹ́ téṣàn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ó ti pé oṣù márùn-ún. Lọ́yà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ó ti pẹ́ jù, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹjọ́ ti kú. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá_Ìbejì:
Ọmọ mi, ẹ fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí wọ́n má tún wá gbé ọmọ náà.

Akọ̀wé_Lọ́yà:
Ẹ má bínú Bàbá, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ṣé a ti gbàgbé Jimoh Isiaka tí ìbọn pa nígbà ìwọ́de EndSARS nílùú wa yìí, oṣù kẹwàá 2020?

Àǹtí, kò tíì pẹ́. Oṣù mẹ́ta yẹn wà fún irú ẹjọ́ mìíràn téèyàn bá pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́, àmọ́ ẹjọ́ fundamental rights, ìyẹn ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ò ní gbèdéke, ìlànà kọ́ọ̀tù ti 2009 lórí irú ẹjọ́ yìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Torí ẹ̀ ni kì í fi í ṣe lọ́yà kan ṣáá lẹ máa wá, ẹni tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dáadáa lè má mọ ọ̀nà yìí rárá. Ẹ bi í tààrà: ṣé ẹ ti gbé ọlọ́pàá lọ kọ́ọ̀tù gíga rí lórí fundamental rights? Tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ dìde. Abala 35 ìwé òfin 1999 ní bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi lè mú un dání, kọ́ọ̀tù sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí! Ibẹ̀ náà ló ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Béèlì gan-an, ọ̀fẹ́ ni.

Tí kò bá sówó, ẹ lọ bá NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àbí Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bá aláìní rí lọ́yà, n'Íbàdàn.

Ìyá_Bùsọ́lá:
Wọ́n ṣe é fún ọkọ mi náà. Ìwé ọsibítù ló gbà wá, torí náà ẹ jẹ́ kí dókítà etí yẹ̀ ẹ́ wò kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba sítétimẹ́ǹtì báǹkì tó fi owó POS yẹn hàn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Iye tí lọ́yà máa gbà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, àwa ò kọ ọ́, ojoojúmọ́ là ń san owó ọkọ̀ owó fáìlì.

Ajíkẹ́_Tákíè:
Ẹ ṣé gan-an, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Méjì nínú àwọn kọ́sítọ́mà ní àwọn á wá jẹ́rìí pé fóònù àwọn ni. Ọlọ́kadà tó gbé e lálẹ́ ọjọ́ náà ni mi ò tíì rí, wọ́n ní Sábó ló máa ń dúró sí, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n níbẹ̀ kó bá mi béèrè, ẹ jọ̀ọ́.