Ṣé èrè ni àbí gbogbo owó tó pa lórí títà ni wọ́n ń kà fún oníṣòwò tó ń wá agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́?

Ẹ̀yin àgbà àti amòfin àárín wa, mo kí yín o. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu ìyàwó àbúrò mi ní Ọ̀fà, ó sì kán an lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà kọ̀ láti san owó ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé Òfin Ìrànlọ́wọ́ Agbẹjọ́rò ti ọdún 2011, èyí tí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́, ń lò, gba ẹjọ́ ìjàǹbá wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024, ni wọ́n ṣe é fún. Ata àti tòmátì ni ìyàwó wa ń tà. Owó tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lóṣù ju iye yẹn lọ dáadáa, àmọ́ bó bá ti yọ owó ọjà, owó ọkọ̀ àti èyí tó bàjẹ́ kúrò, agbára káká ni èyí tó kù fi ń bọ́ àwọn ọmọ, ó sì dùn mí gidigidi pé ìṣirò lásán lè dí i lọ́nà. Èwo gan-an ni wọ́n ń kà? Òfin náà tún gba ìgbìmọ̀ àjọ náà láàyè láti ran ẹni tí owó rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀ràn bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti bá ọ́fíìsì wọn ní Ìlọrin ṣe irú èyí rí, ẹ̀rí wo ni ẹni tí kì í gba owó oṣù lè mú lọ?