Ìdọ́gba kọ́ o, ọ̀mì ni

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látọjọ́ Àìkú, tí ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe equation inú kẹ́mísírì, ìyẹn ìlà tá a fi ń kọ bí nǹkan ṣe ń para pọ̀ di nǹkan mìíràn, ní "ìdọ́gba", tẹ́nì kan sì ní rárá, "ìmúdéédéé" ló dáa jù. Ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìn kẹ́mísírì nírọ̀lẹ́ níbí ní Kubwa, l'Abuja, Yorùbá nílé, Hausa ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ní sùkúù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ Na + Cl2 → NaCl (sódíọ̀mù àti kilorínì di iyọ̀) sójú pátákó, mo ní kí wọ́n mú un dọ́gba. Ọmọbìnrin kan dìde, ó wo ọwọ́ òsì, ó rí kilorínì méjì, ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó rí ẹyọ kan, ló bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 2 kékeré sábẹ́ Cl, ó di NaCl2, ó ní "Àǹtí, ó ti dọ́gba." Ó mà dọ́gba lóòótọ́! Àmọ́ kò sí NaCl2 nínú ọbẹ̀ ìyá ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà, torí lédè tiwa, tí nǹkan méjì ò bá dọ́gba ńṣe lo máa gé ọ̀kan tàbí kó o fi nǹkan lé ìkejì, ohun tó sì ṣe nìyẹn.

Ayò ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé 12, ẹ ta á títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ọmọ ayò ò ní lé, kò ní dín, wọ́n kàn ń pààrọ̀ ibùsùn ni. Bí átọ́ọ̀mù, ègé tíntìntín tí gbogbo nǹkan pilẹ̀ látinú ẹ̀, náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Torí náà mo ti ń sọ fún wọn pé kilorínì ọwọ́ òsì àti tọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ ta ọ̀mì, bí ayò tí iye ọmọ ẹni méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà tí ẹnikẹ́ni ò borí, sódíọ̀mù náà gbọ́dọ̀ ta ọ̀mì, wọ́n sì ń kà á síka. Nọ́mbà abẹ́ ńkọ́? Píọ́ wọ́tà ni mo fi ṣàlàyé. Ogún ló wà nínú báàgì kan, tó o bá fẹ́ ogójì wàá ra báàgì méjì, o ò ní ya báàgì kó o máa ki omíì bọ inú ẹ̀. Nọ́mbà abẹ́ ni iye tó wà nínú báàgì, nọ́mbà iwájú ni iye báàgì. Bá a ṣe dé 2Na + Cl2 → 2NaCl nìyẹn.

Ní ti "ìmúdéédéé", ọmọ Hausa kan tó máa ń tẹ̀ lé wọn wá ní "daidaita" ni, bíi kẹ̀kẹ́ Kano tí wọ́n ń pè ní Adaidaita Sahu. Ó dùn létí, déédéé àti daidai sì jọra gan-an, àmọ́ ìtumọ̀ Adaidaita Sahu ni pé kéèyàn tò kí ìlà gún, kò sí kíkà níbẹ̀.

Ẹni tó ní ká pe kilorínì ní "afẹ́fẹ́ aláwọ̀ ewé" ńkọ́? Mo mọ ibi tó ti rí i, Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ ní chlorine ní 1810, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àwọ̀ ewé tó ṣì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí kilorínì wà nínú ẹ̀ ńkọ́, tó funfun báláú? Ẹ fi kilorínì sílẹ̀ jàre. Ìrù ọ̀rọ̀, bíi -áìdì àti -éètì, ló yẹ ká jà lé lórí, torí kiloráìdì ò ní ọ́síjìn nínú, kiloréètì ní mẹ́ta, bíi KClO3, àwọn èèyàn wa sì ń pe gbogbo ẹ̀ ní kilorínì. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni NaCl, fi ọ́síjìn kan péré lé e, ó di NaClO tó wà nínú Hypo àti Jik. Ẹni tó bá wá da ìyẹn pọ̀ mọ́ HCl, ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, ohun tó máa fà símú nìyí:

NaClO + 2HCl → NaCl + H2O + Cl2

Ẹ ka kilorínì ẹ̀ wò, mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún, ọ̀mì ni. Cl2 tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni ògidì kilorínì, òun ló sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ní àtakò sí "ọ̀mì", ẹ tètè kọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbé síǹkì àti HCl fún wọn.